Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò wa tó fẹ́ gbé orin rọ́ọ̀kì lọ sí American Idol

Àbúrò wa,

A kí ọ o. Ìwọ ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, tó ń ta gìtá oníná, tí ohùn ẹ le, tó ń rò ó pé ètò ìdíje orin orí tẹlifíṣàn ni ọ̀nà tó yá jù, ìwọ la kọ lẹ́tà yìí sí. A ò mọ orúkọ rẹ, àmọ́ a mọ̀ pé o wà, torí ọdọọdún ni àwọn bíi tìẹ ń tò sórí ìlà. Ohun kan la fẹ́ bá ọ sọ, òun ni ìyókù so mọ́: má torí ipò kìíní lọ síbẹ̀. Lọ kí àwọn èèyàn lè mọ irú orin tí wàá máa kọ lẹ́yìn ìdíje, kí ìwọ náà sì ti mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí o tọwọ́ bọ̀.

Chris Daughtry la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. North Carolina ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1979. Nígbà tó ń lọ síbi ìdíje, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń dá àwọn oníbàárà tó gbé ọkọ̀ wá fún àtúnṣe lóhùn. Ó ti níyàwó, ó ti lọ́mọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Absent Element, àmọ́ òkìkí ẹgbẹ́ náà ò kúrò ládùúgbò. Ó ti dán ètò tẹlifíṣàn mìíràn wò rí, Rock Star, èyí tí ẹgbẹ́ INXS fi ń wá akọrin, wọn ò mú un. Lọ́dún 2006 ló wá dé orí ìtàgé American Idol, nígbà tí ètò náà ń ṣe ìkarùn-ún. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ni ìbò já a, ipò kẹrin ló bọ́ sí. Taylor Hicks ló gbégbá orókè.

Wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Àwo orin Daughtry jáde lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ta ẹ̀dà 304,000 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ti Hicks jáde lóṣù Kejìlá, ó ta 298,000. Títí débẹ̀, ta ló rí ìyàtọ̀? Ọdún 2007 ni ìyàtọ̀ yọjú: nígbà tí ìwé ìròyìn orin Billboard ṣírò àwo orin gbogbo ọdún náà pọ̀, ti Daughtry ló wà lókè pátápátá. Ẹni kẹrin o.

Ojú tí àwa fi wò ó nìyí. Ẹ̀rín Hicks, ijó rẹ̀ àti irun funfun orí rẹ̀ làwọn èèyàn dìbò fún. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ irú àwo tó máa gbé jáde. Ti Daughtry ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọ orin ẹgbẹ́ Fuel, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò rọ́ọ̀kì ti mọ ibi tí ohùn náà ń lọ. Ilé ti wà nílẹ̀ fún un, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ Fuel fúnra wọn ní kó wá di akọrin àwọn lẹ́yìn tó já, ó dúpẹ́, ó ní rárá.

Ó yá, ká sọ̀kalẹ̀ sídìí iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn, àfi bíi pé èèyàn kàn ń ṣílẹ̀kùn wọlé bá àwọn adájọ́. Irọ́ ni. Láyé Daughtry, pápá ìṣeré ni wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sí. Wọ́n á so nǹkan mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà àga, o sì lè jókòó láti ìdájí dìrọ̀lẹ́. Tó bá kàn yín, mẹ́rin mẹ́rin lẹ máa tò síwájú tábìlì kan tí òṣìṣẹ́ ètò jókòó sí, kálukú á kọrin fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, wọ́n á ní kí àwọn kan bọ́ síwájú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ á tún kọ níwájú àwọn olóòtú àgbà kí ojú rẹ̀ tó kan àwọn adájọ́ tí ayé mọ̀. Láti ọdún 2020, orí fídíò íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ìpele àkọ́kọ́ yìí, àmọ́ àkókò tí wọ́n ń fún èèyàn ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ti ń ṣubú. Orin rọ́ọ̀kì fẹ́ràn kó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí gìtá, kí lílé rẹ̀ máa rá pálá, kó tó bú gbàmù nínú ègbè. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ látorí lílé, wọ́n á ti ní kí o dúró kí ègbè tó dé. Ìlà tó ṣáájú ègbè ni kí o ti mú un, kí o sì kó sínú ègbè tààrà. Má sì fi orí lásán mú ohùn tí wàá fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ ohùn náà lórí fóònù rẹ kó tó kàn ọ́, torí àyà tó ń já máa ń gbé orin sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Orin tí David Cook, ẹni tó gba ìdíje lọ́dún 2008, fi gba ìdánwò, ti ẹgbẹ́ Bon Jovi, ègbè rẹ̀ ìkẹyìn máa ń fò sókè ní ìwọ̀n bọ́tìnnì dùùrù mẹ́ta, tí a bá ka dúdú mọ́ funfun. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ lókè á wá ohùn tì nígbà tó bá débẹ̀.

Lórí kíì, ìyẹn ibi tí orin ga tàbí rẹlẹ̀ dé, a fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí a rò pé òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, àwọn èèyàn kì í sì sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ló máa ń dẹ gbogbo okùn gìtá wọn wálẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n irin kan lọ́rùn gìtá, kí okùn lè rọ̀ kí akọrin sì rí ìsinmi. Ìka rẹ á wà níbi E, àmọ́ E♭, ohùn tó rẹlẹ̀ sí E díẹ̀, ló ń dún. Tí ìwọ náà bá kọ́ orin náà nílé lórí gìtá tí o dẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí olùdarí orin wá bi ọ́ pé kíì wo ni, tí o ní E, E gan-an ló máa kọ sínú ìwé fún onídùùrù, onífèrè àti onígìtá baàsì. Ọjọ́ ìdánrawò ni wàá tó mọ̀ pé orin ti ga jù fún ọ, wàá sì rò pé ọ̀fun rẹ ló bàjẹ́. Ohun tó ń dún ni kí o sọ, má sọ ibi tí ìka rẹ wà. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n gbé e wálẹ̀ sí i, ọjọ́ tí ẹ yan orin ni kí o sọ ọ́. Tó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ ìtàgé, iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ olórin lo fẹ́ dà rú yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gígé. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí àwa ṣe máa gé e nìyí: ìfáàrà, ìṣẹ́jú àáyá 5, ìdajì lílé àkọ́kọ́, 20, ègbè, 20, ibi tí orin ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà kó tó padà, 15, ègbè ìkẹyìn, 25, ìparí, 5. Ó pé 90. Àdáta gìtá ò sí níbẹ̀, a mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Tí gìtá bá ń dá ta, ojú kámẹ́rà á kúrò lára rẹ, ìwọ lo sì ń wá ìbò. Àṣìṣe tí a máa ń rí ni pé akọrin á fẹ́ kí lílé méjèèjì wọlé torí pé ìtàn orin náà dùn, ègbè á wá di ẹ̀ẹ̀kan, orin á sì parí kí ara àwọn èèyàn tó gbóná.

Kì í ṣe gbogbo orin tó wù ọ́ ni wàá rí kọ. Ẹni tó ni orin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lò ó lórí tẹlifíṣàn. Àwọn orin Lennon àti McCartney, ti ẹgbẹ́ Beatles, ò wọ American Idol títí di ọdún 2008. Ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin di ọdún 2009 kí Adam Lambert, ọ̀kan lára àwọn tó ń díje, tó kọ ọ̀kan. Nítorí náà, orin mẹ́ta ni kí o máa kó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sì máa fún yín ní àkòrí: lọ́sẹ̀ yìí orin Stevie Wonder, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ orin àwọn ọdún 1950. Ọ̀sẹ̀ Stevie Wonder, Higher Ground ni Daughtry mú, èyí tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Red Hot Chili Peppers ti fi gìtá gbé jáde tipẹ́. Ọgbọ́n nìyẹn: wá èyí tí àwọn onírọ́ọ̀kì ti fọwọ́ kàn nínú orin àkòrí náà.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí kan náà ló kó o sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó kọ orin Johnny Cash, I Walk the Line, lọ́nà tí ẹgbẹ́ Live ti gbà kọ ọ́. Àwọn adájọ́ yìn ín bí ẹni pé òun ló tún un dá. Àwọn tó mọ Live gbọ́ ọ, ariwo sọ. Lọ́dún 2008, nígbà tí David Cook fẹ́ kọ Billie Jean, orin Michael Jackson, lọ́nà tí olórin rọ́ọ̀kì Chris Cornell gbà kọ ọ́, atọ́kùn ètò ti sọ fún àwọn òǹwòran kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ti Cornell ni. Ṣé ó dín ìyìn Cook kù? Kò dín in kù rárá, òun ló sì gba ìdíje lọ́dún náà. Bí o bá yá orin ẹlòmíì wọ̀, sọ orúkọ ẹni tí o yá a lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fọ́nrán tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kí o tó gun ìtàgé. Tí wọ́n bá gé e kúrò, sọ ọ́ lórí ìtàgé.

Ohun kan tún wà tó kàn ọ́ ju Daughtry lọ. Aláwọ̀ dúdú ni ọ́, wọ́n á sì fẹ́ rọra tì ọ́ síhà R&B. Wọ́n á ní ohùn rẹ dùn, kí ló dé tí o ò kọ orin ìfẹ́ kan. O lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n mọ̀ pé o lè rọ̀, Daughtry náà kọ orin Keith Urban tó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta léra, wọ́n ti fún ọ ní ilé ẹlòmíì. Tí àwọn òbí rẹ bá sì ń sọ pé ariwo òyìnbó ni rọ́ọ̀kì, rán wọn létí Sister Rosetta Tharpe àti Chuck Berry, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rọ́ọ̀kì, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ẹgbẹ́ BLO, ìyẹn Berkley, Láolú àti Odùmósù, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń ta rọ́ọ̀kì l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1973. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ jó o.

Ọ̀fun ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ kan, orin kan ṣoṣo náà ni wàá kọ pẹ̀lú onídùùrù nígbà tí ẹ bá ń yàn án, wàá kọ ọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin, wàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò, wàá kọ ọ́ fún àwọn oníkámẹ́rà, wàá kọ ọ́ nígbà ìdánrawò àṣekẹ́yìn, kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé. Bí o bá ń pariwo ní gbogbo rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan fún alẹ́. Fún àwọn oníkámẹ́rà, ohùn kékeré ti tó, ibi tí wàá dúró ni wọ́n ń wò. Ní ti ohùn tó ń ha tí àwọn onírọ́ọ̀kì máa ń lò, òkè ọ̀fun ló yẹ kó ti máa gbọ̀n. Bí ó bá ń ta ọ́, tàbí tí ohùn rẹ há láàárọ̀ ọjọ́ kejì, okùn ohùn rẹ gan-an lo ń fi ha, yóò sì pa ọ́ lára tó bá pẹ́. Omi tí o mu lórí ìtàgé, ẹnu ló ń mú tutù. Èyí tí o mu láti àárọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata láago mọ́kànlá alẹ́ ńkọ́? Fi í sílẹ̀ títí ìdíje á fi parí. Tí o bá sùn lé e lórí, omi kíkan inú ikùn á gòkè wá jó ọ̀fun rẹ. Jẹun ní wákàtí mẹ́ta kí o tó sùn.

Máìkì ní tirẹ̀: àwọn onírọ́ọ̀kì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀, ó ń rí bí akọni. Máìkì ìtàgé ní àwọn ihò kéékèèké lẹ́yìn orí tó fi ń yọ ariwo ìlù àti gìtá kúrò. Tí o bá bò wọ́n, ohùn rẹ á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kòkò, máìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọrùn rẹ̀ ni kí o dì mú. Ohun tí wọ́n ń kì bọ etí kí o lè gbọ́ ara rẹ, má yọ ọ̀kan torí kí o lè gbọ́ ìhó àwọn èèyàn. Tí o bá yọ ọ́, wàá ní kí wọ́n gbé ti etí kejì sókè, wàá sì ba etí náà jẹ́.

A ò ní sọ púpọ̀ lórí ìbò, torí òfin rẹ̀ ń yí padà. Ní 2006, fóònù ni, wákàtí méjì lẹ́yìn ètò, èèyàn sì lè dìbò títí ọwọ́ á fi ro ó. Ní àṣekágbá 2008, ìbò mílíọ̀nù 97.5 ló wọlé. Ohun kan ò yí padà ṣá: ẹni tí adájọ́ ń yìn lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fọkàn balẹ̀ lé. Wọ́n á ní kò sí wàhálà, wọ́n á lọ sùn.

Ìwé wá kù. Kọ́kọ́ wò ó bóyá o yẹ: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé àti láti máa ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà, ọjọ́ orí sì ní ààlà. Ó ti wà ní 16 sí 24 rí, ìdíje ìkẹrin, tó wáyé lọ́dún 2005, ni wọ́n ti sún un dé 28, ìyẹn ló fi gba Daughtry láàyè. Ka ti ọdún tìrẹ. Bí o bá ní àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ àwo orin tàbí alámòójútó kan, á jẹ́ ìdíwọ́ fún ọ.

Wá lọ́yà tó mọ̀ nípa orin, kì í ṣe ti ilé àti ilẹ̀. Bi í lọ́rọ̀ mẹ́rin: ọdún mélòó ni àdéhùn náà, ta ló lè fà á gùn, àwọn tàbí ìwọ? Ta ló ni orin tí o ti kọ kí o tó dé? Ta ló ni orúkọ tí wàá máa fi ṣeré? Ìdá mélòó ni alámòójútó ń gbà, kó tó yọ ìnáwó ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Phillip Phillips tó gba ìdíje lọ́dún 2012 gbé ẹ̀sùn lọ síwájú kọmíṣọ́nnà òṣìṣẹ́ ní California lóṣù Kìíní 2015 torí irú àdéhùn wọ̀nyí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ilé iṣẹ́ 19 Recordings tó ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn akọrin American Idol pe Sony Music lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó orin tí èèyàn ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Daughtry wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí àwọn tó lókìkí bá ń dé ilé ẹjọ́ lórí ìṣírò, kí ni tìrẹ?

Ìṣírò náà ò le. Ká ní sítúdíò àti owó àkọ́gbà rẹ jẹ́ dọ́là 300,000, kí ìdá tìrẹ nínú owó orin sì jẹ́ 15 nínú 100. Inú 15 yẹn ni wọ́n á ti yọ 300,000 wọn, kì í ṣe inú gbogbo owó tó wọlé. Àwo náà gbọ́dọ̀ pa mílíọ̀nù méjì dọ́là kí o tó rí kọ́bọ̀ kan lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nílé, tí ẹ jọ ń ṣeré, náà wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni ètò yìí ń mú, kò mú onílù rẹ. Ẹgbẹ́ tuntun ni Daughtry dá sílẹ̀ nígbà tó já, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni orin wo, kí o tó lọ wọ ìlà.

Torí nígbà tí wọ́n bá já ọ, kò sí àkókò. Oṣù Karùn-ún ni ti Daughtry, oṣù Keje ló tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ àwo orin RCA, ìgbà yẹn kan náà ló ń bá àwọn mẹ́wàá tó kù sí òpin ìdíje rìnrìn àjò orin kiri Amẹ́ríkà, ó ń fi àlàfo àárín rẹ̀ gba orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ Howard Benson, olóòtú àwo náà, àwo sì jáde lóṣù Kọkànlá. Home, orin àwo náà tí American Idol ń fi sin àwọn tó bá já lọ́dún 2007, òun nìkan ló ronú ṣe é. Owó ẹni tó ronú ṣe orin yàtọ̀ sí owó ẹni tó kọ ọ́ jáde lẹ́nu, wọn kì í sì í sábà fi í san gbèsè sítúdíò.

Nítorí náà, kí orin tìrẹ ti tó mẹ́wàá. Gbà wọ́n sílẹ̀ lórí fóònù, bí kò tiẹ̀ mọ́. Lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń forúkọ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀, fi orúkọ wọn sílẹ̀ kí o tó tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù ìdíje èyíkéyìí. Orin mẹ́wàá tí kò tíì jáde lè wọ inú fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo kọ gbogbo wọn. Dọ́là 85 ni wọ́n ń gbà fún un, kò tó owó bàtà tí o fẹ́ wọ̀ lọ síwájú adájọ́.

Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ nídìí orin